Okùn Náà Kò Já

Ẹ dín ohùn tẹlifíṣọ̀n yẹn kù, kí ẹ wá jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú yín. Láti àárọ̀ ni ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi méjèèjì ti ń jágbe mọ́ ara yín nínú pálọ̀ yìí. Kamọ́rù ní ọ̀gá tòun ló yẹ kí ẹgbẹ́ fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ, pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni. Déọlá ní ẹni tí ẹgbẹ́ bá ti fà kalẹ̀ ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, pé ẹni tí kò bá fẹ́, kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ẹgbẹ́ kan náà lẹ wà. Ìyá kan náà ló bí yín. Mo gbọ́ nígbà tí Kamọ́rù pe àbúrò rẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣàjèjì sí mi. Mo ti gbọ́ ọ rí létí òkun yìí, lẹ́nu àwọn tó ti kú, ó sì pa ẹnì kan tí mo fi ẹ̀yìn ara mi pọ̀n dàgbà.

Ẹ rí àwọn àlejò tó wá kí mi lánàá. Sìdíkátù ló ṣáájú wọn, ọmọ Múràínà, ẹni tí gbogbo Ajah ń pè ní Àǹtí Sìdí. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní àwọn ti kọ́ gbọ̀ngàn kan sí Awoyaya, orúkọ bàbá òun tó ti di olóògbé ni wọn yóò sì fi pè é. Ó ní ẹgbẹ́ ti ya sí méjì, ìbò ààrẹ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, nítorí náà kí n wá jókòó níwájú, kí n sọ fún àwọn ọ̀dọ́ bí bàbá òun àti Sulè ṣe parí ìjà láyé ọjọ́un, lẹ́yìn tí okùn já tí omi sì gbé Wàídì, àbúrò mi, lọ. "Màmá, ẹ̀yin gan-an ni àmì ìṣọ̀kan tí a ní." Bẹ́ẹ̀ ló wí. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Mo ti rò ó. Ẹ̀yin ni ẹ ó bá mi jíṣẹ́ fún un, ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ iṣẹ́ tí a kò mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin rò pé báyìí ni ibí ti rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹ ṣí ojú sáyé, ẹ bá géètì Thomas Estate yìí, ẹ bá ọjà ńlá ní Ṣàngótẹ̀dó. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, igbó ẹ̀gún ni Ṣàngótẹ̀dó, ìyá mi kì í jẹ́ ká dá gba ibẹ̀ kọjá. Abúlé wa wà ní ìsàlẹ̀ Awoyaya, létí òkun gan-an, igi àgbọn ló yí wa ká. Kì í ṣe àkùkọ ló ń jí wa, ìró òkun ni. Bí òkun bá rọlẹ̀, ìró rẹ̀ a dà bí ẹni tó ń gbálẹ̀ ní yàrá kejì. Bó bá ń bínú, a dà bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta sílẹ̀. Ìyá mi a dùbúlẹ̀ lórí ẹní, a tẹ́tí sí i, a sì sọ bóyá àwọ̀n yóò wọ omi lọ́jọ́ náà tàbí kò ní wọ̀. Kì í ṣì í. Lọ́jọ́ tí àwọ̀n kò bá wọ omi, a ó máa se òróró àgbọn, òórùn rẹ̀ a wọ inú aṣọ wa débi pé omi kò lè fọ̀ ọ́ jáde. Àwọn tí a jọ wà ní ilé-ìwé olùkọ́ni ní Ẹ̀pẹ́ máa ń pè mí ní Ìgò Òróró. Èmi ni mo wá di ọ̀gá ilé-ìwé abúlé wa nígbẹ̀yìn, tí gbogbo wọn ń pè mí ní Tíṣà. Àwọn tó fi mí ṣẹ̀sín, n kò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́.

Àwọ̀n tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tí ẹnì kan ń dá jù. Àwọ̀n gbogbo abúlé ni. Wọ́n á fi orí okùn kan sílẹ̀ lórí iyanrìn, ọkọ̀ á gbé àwọ̀n náà yípo nínú òkun bí ẹni tó fẹ́ fi apá gbá nǹkan mọ́ra, á sì gbé orí okùn kejì padà wá sílẹ̀, níbi tó jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Ìdajì abúlé á di okùn kan mú, ìdajì kejì á di ìkejì mú. Bí ẹ bá kọjú sí òkun, àwọn kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àwọn kan wà lọ́wọ́ òsì. Wọ́n á máa fà, wọ́n á sì máa sún mọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀, títí okùn méjèèjì yóò fi pàdé, tí àpò àwọ̀n yóò fi gúnlẹ̀ pẹ̀lú ṣáwá àti ọ̀bọ̀kún. Okùn kan kò lè dá a ṣe. Bí ọ̀tún bá sáré jù, àwọ̀n á wọ́. Bí òsì bá ń tòògbé, ẹja á gba ọ̀dọ̀ wọn lọ.

Okùn Ọ̀tún a máa bú Okùn Òsì, Òsì náà a sì máa dá a padà. "Ẹ̀yin Òsì, ṣé okùn lẹ̀ ń fà ni àbí ẹ̀ ń fi í rọ orí?" "Ẹ fi wá sílẹ̀, ẹ̀yin Ọ̀tún, ìyàwó yín ló ń fà á, ẹ̀yin ń mí lásán ni." Okùn tó bá kọ́kọ́ dé ibi ìpàdé ló máa ń kọrin fún ìkejì, tí yóò ní ìkejì ti sùn lọ. Ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀bọ̀kún tó bá tóbi jù lọ, wọ́n á gé e sí méjì, orí fún Ọ̀tún, ìrù fún Òsì, lọ́jọ́ kejì wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo wà tí kì í di okùn mú. Òun ni òmùwẹ̀. Inú omi ló ń wà, lẹ́bàá àpò àwọ̀n, tí yóò máa tú u bó bá há, tí yóò máa gbé ọwọ́ sókè pé kí ọ̀tún rọra, kí òsì yára. Ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ okùn méjèèjì. Àbúrò mi Wàídì ni òmùwẹ̀ wa. Ìyá wa kú nígbà tó ṣì ń rá, èmi ni mo tọ́ ọ. N kò rí ọkùnrin tó tún ń rẹ́rìn-ín bíi tirẹ̀, a máa rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Nítorí ẹ̀mí òmùwẹ̀ yìí ni àwọn bàbá wa ṣe ní òfin kan. Wọ́n ní a kì í fi ìjà fa àwọ̀n. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan okùn, ọkùnrin àgbà kan tí a ń pè ní Bàbá Àwọ̀n a dúró láàárín ọ̀tún àti òsì, a sì bèèrè pé, "Ta ló ń bínú?" Ohun tó ń bèèrè gan-an nìyẹn. Bí o bá ń bá ẹnì kan jà, o gbọ́dọ̀ jáde, kí o lọ jókòó sídìí àgbọn. Ẹni tí ẹ jọ ń jà á jáde wá bá ọ. Bí ẹ bá parí rẹ̀ níbẹ̀, ẹ padà sídìí okùn. Bí ẹ kò bá parí rẹ̀, ẹ jókòó títí àwọ̀n yóò fi wọlé, ẹ ó sì gba ẹja tiyín, kò sí ẹni tí yóò bi yín léèrè. Kì í ṣe ìtìjú láti jáde. Ọkùnrin kan jáde lọ́jọ́ kan, ó ní, "Èmi kò bínú o, ìyàwó mi ló ń bínú." Ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ bi í ta ló jẹ orí ẹja tí mo fi pamọ́." Bàbá Àwọ̀n ní kí àwọn méjèèjì lọ bá igi àgbọn sọ ọ́. A rẹ́rìn-ín títí àwọ̀n fi wọlé.

Lẹ́yìn náà ni títì márosẹ̀ dé. Ẹ̀yin kò mọ ohun tí ìró katapílà jẹ́ létí ẹni tí kò gbọ́ ju ìró òkun lọ rí. Wọ́n ń da iyanrìn sí ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ ń gbé e mì, wọ́n tún ń da òmíràn. Lọ́jọ́ kan, jíìpù àwọn ẹnjiníà òyìnbó rì sínú ẹrẹ̀ dé ojú fèrèsé. Wọ́n fi wáyà fà á, wáyà já. Wọ́n wá bẹ̀ wá. Wàídì lọ gbé okùn ọ̀tún wá, okùn ọ̀rá tuntun tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ ọmọdé, òun fúnra rẹ̀ ló ta kókó orí rẹ̀. Ọ̀tún àti Òsì tò sórí okùn kan náà, orin bẹ̀rẹ̀, jíìpù náà sì jáde nínú ẹrẹ̀ bí eyín ọmọdé. Àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́. Ẹ rántí okùn yẹn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ fún yín ni.

A rò pé oore ni títì gbé wá. Ní tòótọ́, ẹja tí ìyá mi fi ọkọ̀ ojú omi gbé lọ sí Èkó fún odidi ọjọ́, àwa ń gbé e débẹ̀ kó tó kú tán. Ṣùgbọ́n títì kì í bi ẹni tó ń gbà á kọjá léèrè ohun tó rù. Ojú títì yẹn náà ni òṣèlú gbà wọlé wá bá wa, pẹ̀lú fìlà, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí ọkọ̀.

Ẹgbẹ́ méjì ni ìjọba ní kó wà nígbà náà. Gbogbo abúlé wa wà nínú ẹgbẹ́ kan, àfi Bàbá Lápàdé, télọ̀ tó ń ránṣọ lábẹ́ àtíbàbà ní etí iyanrìn, àti ìyàwó rẹ̀. Àwọn méjèèjì péré ni ọ̀tá tí a ní. Àwọn ọmọ ilé-ìwé mi a máa pe bàbá náà ní "Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́ni Méjì," òun náà a sì dáhùn pé, "Ẹgbẹ́ tèmi kì í jà o, ìyàwó mi ni alága." Òwe ni, a kò mọ̀ ọ́n sí òwe. Nítorí kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọ̀tá ni ìjà ti wá. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀, ògiri tiwa sì ti fẹ́ là.

Àwọn ọkùnrin ńlá méjì ló ń du kí ẹgbẹ́ wa fa òun kalẹ̀ fún ipò ààrẹ. Múràínà ló jẹ́ olórí Okùn Ọ̀tún. Ó lọ sí Ìkẹjà, ó sì bá ọ̀kan nínú wọn tò. Sulè ló jẹ́ olórí Okùn Òsì. Bó ti gbọ́ ibi tí Múràínà lọ, ó bá ìkejì tò. N kò rò pé ọ̀kankan nínú wọn lè sọ ohun tí ọkùnrin tó ń tẹ̀ lé fẹ́ ṣe fún Nàìjíríà. Mo bi Múràínà léèrè lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kì í ṣe òṣèlú, kò lè yé yín." Mo ní kó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní. Ó bínú lọ.

Ìbò abẹ́lé ìgbà náà, orí ìlà ni. Wọ́n á gbé àwòrán àwọn olùdíje dúró, ìwọ á lọ tò sẹ́yìn ẹni tí o fẹ́, ní ojúmọmọ, níṣojú ìyàwó rẹ, níṣojú àna rẹ. Pápá ilé-ìwé mi ni wọ́n lò. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, mo ń wo àwọn tí mo kọ́ ní A B D bí wọ́n ṣe ń wo ojú ara wọn látorí ìlà méjì. Okùn Ọ̀tún tò sẹ́yìn àwòrán kan, Okùn Òsì tò sẹ́yìn èkejì. Wàídì wà nínú ìlà Múràínà. Ó juwọ́ sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan láti ìlà kejì pariwo pé, "Wàídì, ẹja lo mọ̀, o kò mọ èèyàn." Ẹlòmíràn ní, "Ẹ fi ọ̀dàlẹ̀ sílẹ̀." Èyí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni ohun gbogbo ti dàrú. Ìyàwó Ọ̀tún kò yá ìyàwó Òsì ní ọmọ odó mọ́. Àwọn kan kọ̀ láti kírun lẹ́yìn lèmọ́mù nítorí pé ìlà Sulè ló wà, wọ́n ń kírun lọ́tọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí. Lọ́jọ́ ọdún Iléyá, tí okùn méjèèjì máa ń sáré ìje lórí iyanrìn, kò sí ẹni tó jáde. Àwọn ọmọdé dúró pẹ̀lú aṣọ ọdún lára wọn, wọ́n ń wo òkun. Nígbà tó yá, ìròyìn dé pé ọ̀gá Sulè ni ẹgbẹ́ fà kalẹ̀. Múràínà ní wọ́n yí ìbò, ó ní bí ọjọ́ ìbò ààrẹ bá dé, òun àti àwọn èèyàn òun yóò jókòó sílé, kí ẹgbẹ́ lọ fìdí rẹmi. Ó wù ú kí ilé jó kí ó lè rí i pé Sulè kò rí ibi sùn.

Ni wọ́n bá ní ọkùnrin tí ẹgbẹ́ fà kalẹ̀ náà ń bọ̀ lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, pé yóò dúró ní Ajah láti kí àwọn ará etí òkun. Àwọn àgbà ní ẹja ni abúlé wa yóò gbé pàdé rẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo wa fa àwọ̀n náà pọ̀, bóyá ìjà á tipa bẹ́ẹ̀ rọlẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ náà, mo wà létí òkun pẹ̀lú agbọ̀n lórí, láàárín àwọn obìnrin tó wà lápá ọ̀tún. Òkun rọlẹ̀. Ọkọ̀ ti gbé àwọ̀n lọ, ó ti gbé orí okùn dé. Wàídì bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó jù ú sí mi, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ o, òun ni mo fẹ́ wọ̀ lọ sí Ajah."

Bàbá Àwọ̀n dúró sáàárín. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó bèèrè pé, "Ta ló ń bínú?"

Kò sí ẹni tó dáhùn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, nítorí ibí yìí ni ohun gbogbo ti bàjẹ́. Kò sí ọkùnrin kan níbẹ̀ tí kò bínú. Ọkàn wọn ń hó bí òróró lórí iná. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jáde lọ sídìí àgbọn kò ní bá wọn gbé ẹja lọ fún àlejò ńlá, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní kan ọwọ́ ẹni tó fẹ́ di ààrẹ. Bàbá Àwọ̀n tún bèèrè. Ẹnikẹ́ni kò jáde. Ó mi orí, ó kúrò láàárín, wọ́n sì gbé okùn.

Múràínà kò sí nídìí okùn tirẹ̀, ó ti lọ sí Ajah láti wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Àwọ̀n ti wọlé dé àárín, a ti ń rí orí Wàídì dáadáa, nígbà tí ọ̀kadà gbé Múràínà dé. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Ó ní, "Ẹ gbọ́. Sulè ti wà lórí pèpéle ní Ajah. Ó ti gba máíkì. Ó ní Okùn Òsì ló ń gbé ẹja bọ̀."

Ẹnì kan nínú wọn ní, "Àwa náà là ń fà á yìí."

"Ẹ̀ ń fà á fún Sulè. Ẹ fi í sílẹ̀. Kí wọ́n gbé àwọ̀n òfìfo lọ fún un."

"Alàgbà, Wàídì wà nínú omi."

"Ṣé Wàídì kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni? Mo ní kí ẹ fi í sílẹ̀."

Mo dúró síbi tí ọwọ́ mi fi lè tó o. Mo ní, "Múràínà, jẹ́ kí ó jáde ná." Kò wo mí. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ já okùn gbà lọ́wọ́ ẹni tó wà níwájú, ó jù ú sílẹ̀. Àwọn yòókù wo ara wọn, wọ́n sì ṣí ọwọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ Wàídì ni gbogbo wọn. Ìlà kan náà ni wọ́n jọ tò.

Okùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ sínú omi bí ejò. Ẹni tó kọ́kọ́ sáré tẹ̀ lé e ni Bàbá Lápàdé, láti ìdí máṣíìnì rẹ̀, okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó mú orí okùn, ó wé e mọ́ ìbàdí. Ìyàwó rẹ̀ dì í mú láti ẹ̀yìn, àwa obìnrin di ìyàwó rẹ̀ mú. Omi wọ́ wa dé àyà. Kókó orí okùn náà wà níwájú mi gan-an nínú omi, mo ń wò ó.

Ohun tí n kò lè gbàgbé ni orin. Àwọn Òsì wà lọ́hùn-ún, wọn kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n kàn rí i pé okùn tiwọn fúyẹ́, wọ́n rò pé agbára wọn ló pọ̀ sí i. Wọ́n fà á kíkan kíkan, wọ́n sì ń kọ ọ́ lórin fún wa pé Ọ̀tún ti sùn lọ, Ọ̀tún ti sùn lọ. Bí wọ́n ti ń fà á ni àwọ̀n ń wé mọ́ àbúrò mi. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó gbé sókè, pé kí òsì rọra. Wọ́n ń kọrin. Mo tún rí ọwọ́ náà. Lẹ́yìn náà n kò rí i mọ́.

Inú àpò àwọ̀n ló wà, láàárín ṣáwá, nígbà tí wọ́n gbé e wálẹ̀. Orin dáwọ́ dúró nígbà náà. Ẹ̀wù rẹ̀ ṣì wà ní èjìká mi.

Àwọn ọlọ́pàá dé láti Ajah. Múràínà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Okùn ló já." Àwọn tó ṣíwọ́ tẹ̀ lé e, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, okùn já. Sulè dé, inú bí i, ó ń pariwo pé irọ́ ni, pé Múràínà pa ènìyàn, pé gbogbo Nàìjíríà ni yóò gbọ́ ọ. Mo rò pé mo ti rí olùgbèjà. Ẹ wo bí mo ṣe kàwé tó, síbẹ̀ mo rò bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn alàgbà ẹgbẹ́ wá láti Ìkẹjà, wọ́n jókòó sábẹ́ igi àgbọn bàbá mi. Wọ́n pe Múràínà, wọ́n pe Sulè, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n ní bí ìròyìn yìí bá jáde báyìí, ẹgbẹ́ kejì ni yóò fi ṣe ìpolongo. Wọ́n ṣèlérí fún Sulè pé òun ni yóò di alága ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ṣèlérí fún Múràínà pé kò ní jókòó lásán. Nígbà tí wọ́n dìde, Sulè náà ti ń sọ pé okùn ló já. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra, àwọn èèyàn ń sunkún, wọ́n ní ikú Wàídì ti tún ẹgbẹ́ ṣe. Ohun tí Àǹtí Sìdí ń pè ní ìṣọ̀kan nìyẹn. Ilé tí a fi itọ́ mọ ni.

Wọ́n wá bá mi. "Tíṣà, ẹ ní sùúrù kí ìbò kọjá." Mo ní, "Okùn náà wà nílé mi, èmi ni mo tú u lára àwọ̀n, pẹ̀lú kókó tí Wàídì ta sórí rẹ̀. Ẹ wá wò ó bóyá ó já." Kò sí ẹni tó fẹ́ wò ó. Bàbá Lápàdé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti jẹ́rìí. Wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ alátakò ni, ta ló lè gbà á gbọ́. Èmi náà lọ. Wọ́n ní ọ̀fọ̀ ló ń dà mí láàmú. Kí sáà tó parí, wọ́n ti gbé mi lọ sí ilé-ìwé kan ní òdìkejì ọ̀sà, níbi tí ọkọ̀ kì í dé lójoojúmọ́.

Ọjọ́ ìbò dé. Okùn méjèèjì jáde, wọ́n tò sí ìlà kan, wọ́n dìbò fún ọkùnrin kan. Kò pẹ́, àwọn ṣọ́jà ní àwọn ti fagi lé gbogbo rẹ̀. Ẹni tí wọ́n dìbò fún kò dórí àga. Sulè kò di alága. Wàídì kú, ìbò náà kú tẹ̀ lé e.

Àwọn tó jèrè jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni Múràínà àti Sulè, nítorí wọ́n di ọ̀rẹ́ tòótọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àṣírí kan ló so wọ́n pọ̀, àṣírí a sì máa so èèyàn pọ̀ ju ìfẹ́ lọ. Kò sí ẹni tó tún fa àwọ̀n létí òkun wa. Bàbá Àwọ̀n dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n wá, ẹnikẹ́ni kò wá. Àwọ̀n náà jẹrà sórí iyanrìn, àwọn ewúrẹ́ ń sùn nínú rẹ̀. Etí òkun tí kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́, Múràínà àti Sulè fọwọ́ sí i pọ̀, wọ́n tà á. Wọ́n gé igi àgbọn. Ní ọdún tó kọjá, mo ní kí dírẹ́bà gbé mi débẹ̀. Síkiọ́rítì dá wa dúró lẹ́nu géètì. Ọmọ dáadáa ni, ó kí mi. Ó ní, "Màmá, ta lẹ fẹ́ rí?" Mo ní, "Òkun." Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀sítéètì náà.

Àwọn kan á ní kí n gbàgbé, pé Múràínà ti kú, Sulè ti kú, pé òkú kì í jẹ́jọ́. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Bí wọ́n bá jẹ́ kí Múràínà kú lásán, bóyá ǹ bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ pe gbọ̀ngàn, wọ́n tún fẹ́ kí èmi wá jókòó sábẹ́ orúkọ náà, kí n kọ́ ẹ̀yin ọmọ pé okùn ló já. Kí ẹ̀yin náà lè mọ irọ́ tí ẹ ó fi parí ìjà tiyín, lọ́jọ́ tó bá ti gba ẹ̀mí ẹnì kan.

Kamọ́rù, dìde. Lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí oòrùn kì í dé. Okùn tí ìyá yín ń sá aṣọ sí láti ìgbà tí wọ́n ti bí yín, tú u wá. Ṣé o rò pé okùn lásán ni? Èmi ni mo so ó mọ́bẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kó dé ilé yìí. Gbogbo ìtẹ́dìí yín, gbogbo aṣọ ilé-ìwé yín, aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó gbomi, orí rẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ. Déọlá, ìwọ di orí kejì mú. Ẹ fà á. Ẹ fi gbogbo agbára yín fà á, ẹ ṣe bí ẹ ti ń ṣe níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wo kókó orí rẹ̀. Wàídì ló ta á, kò tíì tú.

Ó tó. Ẹ ká a dáadáa, ẹ fi sínú báàgì mi.

Ẹ pe Àǹtí Sìdí, ẹ sọ fún un pé Màmá gbà, pé n óò wá, pé kó fi mí síwájú bó ti wí. Bí wọ́n bá gbé máíkì fún mi, n kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. N óò wo àwọn tó jókòó lápá ọ̀tún, n óò wo àwọn tó jókòó lápá òsì, n óò sì bi wọ́n léèrè ohun tí Bàbá Àwọ̀n bèèrè. Ta ló ń bínú? Mo mọ̀ pé wọn yóò dákẹ́. Nígbà náà ni n óò mú okùn yìí jáde, n óò sì sọ fún wọn pé èmi ni.